Kaṣórì Tó Bẹ́ Lójú Àlejò

Láti àárọ̀ ni Urvi ti ń bó òtìlí tútù kúrò nínú èèpo rẹ̀. Agbọ̀n méjì ti kún, èékánná rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé. Ó lọ òtìlí náà pẹ̀lú ata tútù àti atalẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó kúnná, torí òtìlí tó bá kúnná jù á di lẹ́ẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Ó gbé e kaná, ó da yànmọ̀tí, àgbọn rírin, ṣúgà díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó sì rò ó títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹ sórí àwo fífẹ̀ kó lè tutù pátápátá. Ohun gbígbóná kì í wọ inú fíríìsà Urvi.

Ní Nadiad, ìlú kan ní ilẹ̀ Gujarat, oṣù méjì péré ni òtìlí tútù fi ń wà lọ́jà, nígbà òtútù. Kaṣórì, ìpanu dídín oníyẹ̀fun, tí Urvi bá rọ láàárín oṣù méjì yẹn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò máa jẹ títí ọdún á fi yípo. Yóò fi ìyẹ̀fun bo òtìlí náà, yóò rọ ọ́ roboto bí ọsàn kékeré, yóò dín in díẹ̀ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ kí èèpo rẹ̀ gbẹ láìpọ́n. Bó bá tutù, yóò tò ó sórí tíréè láìjẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì, yóò sì gbé e sínú fíríìsà. Ìgbà tí wọ́n bá le bí òkúta ló tó ń kó wọn sínú ọ̀rá, tí á tẹ afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá náà jáde. Ẹgbẹ̀rún kan ló ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó fẹ́ gbé tíréè tuntun wọlé nígbà tó fọwọ́ kan ara fíríìsà. Kò gbọ̀n. Kò kùn.

"Bàbá! Ta ló pa fíríìsà?"

"Ẹnikẹ́ni ò pa á," ni bàbá rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. "Ó kú fúnra rẹ̀ ni."

Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, gíríìsì wà létí rẹ̀ bí ẹni tó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Dhaval lorúkọ rẹ̀. Ó kí bàbá, ó lọ tààrà síbi fíríìsà, ó na ọwọ́ sí ìdérí rẹ̀. Igi tí Urvi fi ń yí ìyẹ̀fun ló bà á lọ́wọ́, gbà!

"Ẹ má ṣí i!"

"Ẹ̀gbọ́n, àtúnṣe ni mo wá ṣe. Ṣé kí n kàn máa wò ó lójú ni?"

"Mi ò kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Òtútù inú rẹ̀ lè dúró títí di alẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i. Tí ẹ bá ṣí i pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹgbẹ̀rún kaṣórì."

Dhaval wo obìnrin náà. Ìyẹ̀fun wà lára irun ojú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó gbé igi náà sókè bí ẹni tó ṣe tán láti fi kún un. Ọdún mẹ́jọ ni Dhaval ti ń tún fíríìsà ṣe. Gbogbo ilé tó ń wọ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣí ìdérí lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó dé, tí wọ́n á ní àwọn ń wò ó bóyá ó ṣì tutù.

"Ta ló kọ́ yín?" ló bi í.

"Àdánù ni. Ọdún àkọ́kọ́, irinwó kaṣórì ni mo kó dà sí ààtàn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ohun kékeré tí ń ta ẹ̀rọ jí ló ti jóná. Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i, fíríìsà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò tó yó. Kó tó lọ, ó ti ìwé pélébé bọ ẹnu ìdérí láìṣí i, ó fà á. Ìwé náà yọ wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ rí i? Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti sán. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Màá mú tuntun wá."

Urvi gba ìwé náà, ó dán an wò fúnra rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú bí i pé òun kò ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ náà ló ń rántí gíríìsì etí ọkùnrin yẹn.

Dhaval mú rọ́bà wá. Lọ́jọ́ kẹta ó tún dé.

"Fíríìsà mi ò ṣàìsàn," ni Urvi wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mọ̀. Èmi ni ara mi ò yá."

"Kò sí ìyẹn nínú iṣẹ́ mi."

"Jẹ́ n kàn jókòó síbi òtútù rẹ̀, Ata Wẹ́wẹ́. Màá bó òtìlí."

Ó bó òtìlí ní tòótọ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu kaṣórì dé kó má baà là. Àwọn tó kọ́kọ́ rọ rí bí orí àgbàlagbà tó ti wú, Urvi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí òtútù fi ń lọ sópin, bàbá ti ń ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó má baà rí wọn.

"Màá sọ fún ìyá mi pé ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́," ni Dhaval wí lọ́jọ́ kan. "Wàhálà kan ṣoṣo ló wà. Wọn kì í jẹ oúnjẹ tó bá sùn mọ́jú."

"Mú ogójì lọ fún wọn. Tí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Dhaval. Láti inú yìnyín tààrà sínú òróró ni. Má jẹ́ kó yọ́ rárá. Tó bá yọ́, omi á wọ èèpo rẹ̀, á sì bẹ́."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ilé, tí ìyá rẹ̀, Kokila, yọjú láti ilé ìdáná tó sì bèèrè pé kí ló wà nínú abọ́ yẹn, ẹ̀rù bà á.

"Kaṣórì ni, Màmá. Ọmọbìnrin tí mo sọ fún yín ló rọ ọ́. Láàárọ̀ yìí ló ṣe é."

Kokila gbé abọ́ náà sójú fèrèsé láìṣí i. Àbúrò ọkọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ láti ìlú Surat lọ́sàn-án. Wákàtí mẹ́ta ni kaṣórì fi làágùn níbẹ̀. Nígbà tí àlejò ti jókòó, ìkánjú mú Kokila dà wọ́n sínú òróró tó gbóná janjan. Àkọ́kọ́ bẹ́. Èkejì bẹ́. Òróró ta sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, òtìlí fọ́n káàkiri, èéfín kún ilé. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ fi etí aṣọ bo ẹnu, ẹ̀rín sì ń mi èjìká rẹ̀.

"Ẹni tó ṣe nǹkan yìí," ni Kokila wí, tó ki ọwọ́ bọ omi tútù, "kò ní wọ ilé mi láéláé."

Dhaval bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òtìlí tó fọ́n ká.

Ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Oníbàárà méjì dá kaṣórì padà. Nígbà tí Dhaval dé, Urvi kò jẹ́ kó jókòó.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Urvi, ìfẹ́ mi, fara balẹ̀..."

"Má pè mí ní ìfẹ́ kankan! Kí lo sọ?"

Ó sọ òtítọ́. Ohùn Urvi rẹlẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ.

"Ọwọ́ ìyá rẹ jóná nítorí irọ́ rẹ. Orúkọ mi bàjẹ́ nítorí irọ́ rẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí láìsí olùkọ́, o sì gbé e pamọ́ bí ẹni gbé ẹrù olè. Iṣẹ́ mi lo tijú. Bó o bá tijú iṣẹ́ mi, èmi gan-an lo tijú."

"Màá tún un ṣe."

"Fíríìsà lo mọ̀ ọ́n tún ṣe. Lọ sọ fún wọn fẹnu ara rẹ. Títí o fi máa sọ ọ́, má tẹ ẹnu ọ̀nà yìí."

Ó ti ilẹ̀kùn. Inú bí i títí tó fi rọ igba kaṣórì kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo wọn sì dọ́gba.

Oṣù Ẹrẹ́nà kọjá, Igbe kọjá. Dhaval kò sọ ọ́. Ó ń jí, ó ń tún fíríìsà tó ṣófo ṣe, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀. Nínú ooru oṣù Èbìbí, Kokila fi àwòrán ọmọbìnrin kan hàn án, ó ní àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àìkú.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wá. Irọ́ ni mo pa fún yín." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, látorí yìnyín dé ojú fèrèsé.

Kokila gbọ́ ọ tán. Ó gbé ìkòkò tíì kalẹ̀.

"O wò mí níran tí mo fi di ẹni ẹ̀sín lójú ará Surat, tí mo sì ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ láti oṣù mẹ́ta? Wọ bàtà rẹ. Mú mi lọ síbẹ̀."

Bàbá Urvi ló ṣílẹ̀kùn. Kokila kọjá lára rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.

"Ìwọ lo rọ kaṣórì tó jó mi lọ́wọ́?"

"Èmi ni mo rọ ọ́, Màmá. Ọmọ yín ló jó yín lọ́wọ́."

"Ẹnu rẹ mú o! Bó ti wù kó rí, oúnjẹ àná kì í wọ ẹnu mi."

"Ọjọ́ òrìṣà Shitala ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í dáná? Ṣé oúnjẹ àná kọ́ lẹ máa ń jẹ ní ọjọ́ yẹn?"

"Ti òrìṣà nìyẹn!"

"Òrìṣà gbà á, ẹ̀yin ò lè gbà á. Ẹ ti wá ju òrìṣà lọ nìyẹn."

Bàbá wú ikọ́. Dhaval wo ilẹ̀. Kokila fa àga kan, ó jókòó gbọnin.

"Dín in lójú mi."

Urvi mú mẹ́wàá jáde nínú fíríìsà, wọ́n le, wọ́n funfun fún yìnyín. Ó sọ wọ́n sínú òróró lójú ẹsẹ̀.

"Òróró yìí ò gbóná," ni Kokila wí.

"Ó gbóná tó. Tó bá gbóná jù, ẹ̀yìn á pọ́n, inú á ṣì jẹ́ yìnyín."

Kokila yọjú wo inú òróró náà. Òun náà ti ń dín kaṣórì láti ogójì ọdún, ó sì mọ̀ pé iná jẹ́ẹ́jẹ́ lọ̀rọ̀ náà. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ààrò. Àwọn kaṣórì ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú ìfófòó kéékèèké, èyíkéyìí ò là. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Urvi kó wọn sórí àwo.

Kokila fi èékánná kan ọ̀kan, ó dún ko. Ó là á. Òòrùn atalẹ̀ àti àgbọn tú jáde, inú rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ bí oko nígbà òtútù, nínú oṣù Èbìbí, nígbà tí kò sí hóró òtìlí tútù kan ní gbogbo Gujarat. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó mú òmíràn. Ó jẹ ìyẹn náà tán.

"Ìtìjú mi ni," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ṣì le. "Nǹkan báyìí, èmi ni mo sọ pé kò ní wọ ilé mi." Ó yíjú sí Dhaval. "Aláìlójútì! Òṣìṣẹ́ tó báyìí lo fẹ́ tijú?"

"Mi ò tijú mọ́, Màmá. Urvi, mo sọ ọ́ pẹ́ jù. Jọ̀ọ́, jẹ́ n máa bó òtìlí rẹ títí tí n ó fi kú."

"Ìwọ lo máa máa lọ̀ ọ́ pẹ̀lú," ni Urvi wí. Omi wà lójú rẹ̀, inú sì bí i pé ó wà níbẹ̀. "Bó o bá tún purọ́ nípa iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan, inú fíríìsà lo máa sùn."

"Mo gbà."

Kokila nu ọwọ́. "Bàbá Urvi, ṣé ẹ ní ṣúgà ìrèké oníṣù àti hóró kọriándà nílé?"

Bàbá ju ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Èyí ni wọ́n fi ń ṣe ìdána níbẹ̀, kò sì sí ilé tí kò sí. Ó gbé àwo kékeré wá. Kokila bu ṣúgà náà, ó pò ó mọ́ hóró kọriándà, ó fi sí ẹnu Dhaval láì wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ló di Urvi ní àgbọ̀n mú pẹ̀lú ọwọ́ tí àpá òróró wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi èyí tó pọ̀ jù sí i lẹ́nu.

"Jẹ ẹ́, ìyàwó wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ará Surat ń padà bọ̀ wá kí mi. Ìwọ lo máa dúró ti ààrò mi, èmi ni màá sọ fún wọn pé inú yìnyín ló ti jáde."