Èèpo Igi Tó Ń Pa Jẹjẹrẹ Nínú Àwo

Ìjà la fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo kéékèèké, inú àpótí tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mò ń kó wọn sí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwádìí wa ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà gbayawu, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá bẹ̀ mí, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹni tó rẹwà báyìí lè bínú tó báyìí. Mo rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wa ni pé ká lọ ewé, gbòǹgbò àti èèpo igi, ká yọ ohun tó wà nínú wọn, ká wò ó bóyá ó lè pa jẹjẹrẹ. Àárọ̀ tí kò bá tètè dé, iṣẹ́ kì í wọ̀ mí lára. "Ààyò mi" ló ń pè mí, kódà níwájú ọ̀gá.

Ìyá rẹ̀ ló ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́. Ó ní mo dàgbà ju ọmọ òun lọ, ẹnu mi sì mú. Ti ẹnu yẹn, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń pè mí ní ààyò ò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń fọwọ́ ló ti fi mí sílẹ̀, kò tiẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀. Mo búra pé màá gbẹ̀san.

Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Èèpo igi kan tí ọkùnrin yìí dá ṣiṣẹ́ lé lórí pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú àwo rẹ̀. Ọ̀gá gbá a mọ́ra, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn àlejò ńláńlá pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ.

Mo wo àwo náà, mo sì mọ ohun tó ṣe. Sípírítì la fi ń yọ ohun tó wà nínú èèpo, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí sípírítì náà gbẹ tán kí èyí tó kù tó kan sẹ́ẹ̀lì. Ìkánjú ò jẹ́ kó dúró. Kò sì ní àwo mìíràn tó da sípírítì nìkan sí láti fi wé e. Èmi dán an wò: sípírítì lásán, láìsí èèpo kankan, gbogbo sẹ́ẹ̀lì kú. Mo pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí àwọn àlejò bá jókòó tán ni màá bi í ní ìbéèrè kan péré. Mo ti ń yan aṣọ tí màá wọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó ti rù, gèlè ló fi bo orí tí kò nírun mọ́. Jẹjẹrẹ ọmú. Ó ní abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ń mú òun bì, òun ò padà síbẹ̀ mọ́, èèpo ọmọ òun ti tó. Ọmọ rẹ̀ fa àga fún un kó jókòó.

Ìyá kọjú sí mi. "Ó dáa tí mi ò jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Ṣé o rí ohun tó dà?"

Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀san mi á kún ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ara mi bà mí.

"Ẹ má fi abẹ́rẹ́ yín sílẹ̀, mà," mo ní. "Sípírítì ló pa sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ọmọ yín kánjú."

Ọmọ rẹ̀ ní irọ́ ni. Mo gbé àwo tèmi sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó fojú sí i, ó wò ó, nígbà tó sì gbé orí sókè, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé igi ò lè wo èèyàn ni?" ìyá rẹ̀ béèrè.

Mo bi í lórúkọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́. "Èyí tí ẹ ń sá fún yẹn gan-an, mà, ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́. Àwọn tó ṣe é ò kánjú."

Nígbà tí ọ̀gá gbọ́, ó ní kí àwọn àlejò má wá mọ́. Ó dùn mí wọra, mo fẹ́ kí wọ́n rí ojú ọkùnrin yẹn.

Ìyá ti padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì ní èmi lòun fẹ́ kó máa sin òun lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Ẹ̀yìn lèmi àti ìyá ń jókòó sí, màá di abọ́ mú tó bá fẹ́ bì. "Ìyàwó mi" ni ìyá ń pè mí báyìí.

Lánàá, ọmọ rẹ̀ wò mí nínú dígí iwájú ọkọ̀. "Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, ṣé o ò ní dárí jì mí ni?"

"Dẹ́rẹ́bà," mo ní, "ọ̀nà ni kó o máa wò."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì jìyà tó.