Ìdí Olú Tí Káfíńtà Gé Sọ Nù

Láti ìgbà tí ìyàwó káfíńtà ti lóyún ni káfíńtà kì í ti í délé lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ tó lọ wá igi bẹ́ẹ̀dì ọmọ nínú igbó, olú funfun nini ló kó sínú fìlà bọ̀.

"Ìyá ọmọ mi, ohun tí ẹnu rẹ ń wá rèé!"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó gbé ìkòkò kaná. Omi ń hó lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọlé bá wọn. Ó mú olú kan, ó yí i wò.

"Ọkọ wa, ìdí rẹ̀ dà?"

"Mo ti gé e dànù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe iṣẹ́ jágajàga."

"Ta ló ní ó ṣeé jẹ?"

"Ìgbín ti jẹ ẹ́ létí, ìgbín náà ò sì kú."

"Ṣé ikùn ìgbín ni ìyàwó yín ní? Ẹ rántí dáadáa, kí lẹ rí ní ìdí rẹ̀?"

"Nǹkan kan bí èèpo ẹyin tó fọ́ ló yí i ká. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Nọ́ọ̀sì sáré pa iná. "Àpò yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù! Olú tó ń pani máa ń ní in. Síse ò pa oró rẹ̀. Èèyàn lè jẹ ẹ́ lónìí, kó sùn wọọrọ, kí inú tó dà á láàmú lọ́la. Ara lè tún fúyẹ́ díẹ̀, kó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́."

Káfíńtà wo ikùn ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ì bá fi tú ilé rẹ̀ ká. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyàwó fà á mọ́ra. "Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, olówó orí mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, pákó nìkan ni kẹ́ ẹ máa gbé bọ̀ látinú igbó."

Ẹ̀yin ará, olú tí ìgbín tàbí kòkòrò jẹ lè pa èèyàn. Èyí tí kò ní àpò ní ìdí pàápàá lè ní oró. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, ẹ má dúró de inú rírun; ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú èyí tó kù dání, tìdítìdí. Ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn ti ní ẹni tó ń sùn sínú rẹ̀ báyìí.