Ààrá Ọ̀sán àti Àwọn Ìbejì Tó Ń Gbìmọ̀

Ìwọ tí wọ́n fún ní ìwé pélébé yìí, jọ̀ọ́, má tíì fi nu ọwọ́. Kà á ná.

Ọkùnrin kan wà tó ń tún sálẹ́ńsà ṣe, irin tí èéfín alùpùpù ń gbà jáde. Ààrá Ọ̀sán ni wọ́n ń pè é. Á la sálẹ́ńsà, á yọ páìpù inú tó ń pa ariwo mọ́, á fi iná jó o pa dà. Á wá gbé etí sẹ́nu rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe ń bú. Adìẹ àdúgbò á gbàgbé ibi tó yé ẹyin sí.

Á ní agbára alùpùpù náà ti di méjì. Irọ́ ni. Alùpùpù tó bú bíi kìnnìún níwájú ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n máa ń tì í gun òkè ni. Ó mọ̀.

Òpùrọ́ kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Aṣọ ló fi ń bo iṣẹ́ kí wọ́n má jí ọgbọ́n rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá dúró pẹ́ níwájú ìsọ̀, á bi í pé ta ló rán an.

Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹnu àwọn èèyàn ń lọ, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ kan ló rí Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ Ààrá Ọ̀sán, alátáyà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹnu àwọn méjèèjì ń lọ láìsí ohùn. Obìnrin yìí kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó bá òun gba ọkọ òun níyànjú ni. Ààrá Ọ̀sán ò bi wọ́n. Òun ni adájọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni ọlọ́pàá.

Ó délé, ó bá àwọn ìbejì lórí ẹní, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ya ẹnu gbàgà, kò sí ohùn.

“Ìyá Ìbejì,” ó ní, “o ti kọ́ àwọn wọ̀nyí náà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ń gbìmọ̀ lé mi lórí níṣojú mi.”

Ìyàwó mú ọ̀já. Ó pọn ọ̀kan, ó gbé ìkejì, ó kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òpópónà kejì. Ó ní òun ò pa dà mọ́, àfi tí orí ọkọ òun bá pé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ààrá Ọ̀sán mú sípánà, ó lọ bá alátáyà jà. Ṣùgbọ́n alátáyà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ lẹ́nu Ìyá Ìbejì, ó ti ń fura sí nǹkan kan, ó sì fẹ́ dán an wò. Ó yọ́ bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ ògbólógbòó túùbù títí tó fi bẹ́ gbàù. Ẹnìkan já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ààrá Ọ̀sán ò mira.

Alátáyà gbé ẹnu sí i létí, ó pariwo pé, “Ọ̀rẹ́ mi, etí rẹ ló ti kú. Sálẹ́ńsà ló pa á. Ẹkún làwọn ọmọ yẹn ń sun.”

Ọkùnrin náà jókòó lórí táyà bí ẹni tí wọ́n já afẹ́fẹ́ rẹ̀.

“Etí yẹn kéré,” ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún pariwo. “Ọkàn rẹ ló di jù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Jésù ti ń pè ẹ́, o rò pé òun náà fẹ́ jí iṣẹ́ rẹ. Ó kú torí ẹ.”

Ààrá Ọ̀sán kúnlẹ̀. Ó fẹ́ fi ohùn kékeré jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ara rẹ̀, ló bá ń ké. Gbogbo àdúgbò gbọ́ irọ́ alùpùpù. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ní òpópónà kejì, Ìyá Ìbejì gbọ́ tó ń sunkún pé, “Olúwa, ìyàwó mi ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni. Dárí jì mí.”

Obìnrin náà wá. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lé e lọ́wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọkọ rẹ̀ lé ọmọ náà láyà. Ẹkún ń gbọn àyà ọmọ náà lábẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Títí dòní etí rẹ̀ ò là. Ṣùgbọ́n ó ti pe àwọn oníbàárà, ó ń dá páìpù inú pa dà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń ní kí ìyàwó òun tún ọ̀rọ̀ sọ kó tó bínú.

Ìwọ ńkọ́? Ta lò ń fura sí? Ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló di ọ́ létí. Má sọ pé ó dọ̀la. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ẹ? Jésù wà nítòsí. Ronú pìwà dà kí o tó dìde níbi tí o jókòó sí yẹn.