Orin Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Susan Kọ

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, Mercy ṣí fíríìsà Bàbá Akíntọ́lá kó lè mú ata tí yóò fi se ọbẹ̀. Ike áísìkiriìmù mẹ́fà ló máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló bá. Ata àti ẹ̀fọ́ ló wà nínú márùn-ún. Inú ìkẹfà ni wọ́n tọ́jú fíìmù olóògbé ìyàwó bàbá sí, òun gan-an ló sì pòórá. Mercy figbe ta. Òun ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú bàbá, ó sì mọ̀ pé òun ni gbogbo ojú máa kọ́kọ́ wò.

Fúnṣọ́ Olúsànmí ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá sí St. Albans, àdúgbò kan ní ìlú tí Harlem wà. Ẹjọ́ gidi kún orí tábìlì rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ti fò lọ lẹ́nu rẹ̀, Olúsànmí nìkan ló sì gbọ́ Yorùbá láàárín àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀. Inú ti ń bí i kó tó kan ilẹ̀kùn.

Inú tún wá bí i sí i nígbà tó gbọ́ ohun tó wà nínú fíìmù ọ̀hún. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n tó ré òkun wá síbí, bàbá àti Susan ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kí ètò orin ọjọ́ Sátidé lórí tẹlifíṣọ̀n kọjá wọn. Àwọn òyìnbó a kun ojú wọn dúdú, wọ́n a wọ ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n a máa kọrin, wọ́n a máa jó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe Susan pé kó wá kọrin ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín wọn. Òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ló fún un ní fíìmù náà.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni Olúsànmí wí. "Wọ́n ń kun ọ̀dà sójú láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin sì ń ṣàárò rẹ̀?"

"A mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni," bàbá dáhùn. "Nígbà náà gan-an, a mọ̀. Ṣùgbọ́n orin wọ́n dùn, ọmọ mi. Yàrá wa tutù, a ò sì ní ẹnì kankan nílùú yẹn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, Susan á dìde, á máa jó. Ojú mi ti fọ́ báyìí, etí nìkan ló kù. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí Porfirio gbé ẹ̀rọ wá síbí tó sì fi í sẹ́nu rẹ̀, mo gbọ́ ohùn Susan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú. Bá mi wá a. Bí mi ò bá gbọ́ ọ mọ́, ó dọ̀run nìyẹn."

Porfirio, ọmọ Puerto Rico, ló ń tún ẹ̀rọ fíìmù àtijọ́ ṣe ní Harlem. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti sú Olúsànmí kó tó débẹ̀.

"Fíìmù náà ti ń kan, ó ti ń bà jẹ́ bí ọbẹ̀, òtútù ni oògùn rẹ̀," ni Porfirio sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e sí fíríìsà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tà á fún mi, wọ́n kọ̀. Ṣé ìyẹn ló wá sọ mí di olè?"

"Ìwọ mọ ibi tó wà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn kì í sì í tì dáadáa."

Porfirio kanra. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún bàbá, nítorí pé wọn ò ríran. Nígbà tí ìyàwó wọn kọrin tán, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi ojú rẹ̀ nu èjìká aṣọ obìnrin náà. Aṣọ funfun ni. Ọ̀dà dúdú ra á lára, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an gbójú kúrò."

"Ta lo sọ fún?"

"Ìwọ nìkan."

Olúsànmí padà sí St. Albans. Mercy ní láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lòun ti wà nílé òun ní Park Hill, àárọ̀ yìí lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi padà. Àlùfáà rẹ̀ jẹ́rìí lórí fóònù pé ọ̀dọ̀ wọn ló wà láti Sátidé títí di alẹ́ Sunday.

"Ọ̀gá," ni Mercy wí, "bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ má jẹ́ n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Olúsànmí bẹ̀rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Àwọn ike òfìfo tò síbẹ̀ gègèrè. Bébà tí Mercy lẹ̀ mọ́ ìdérí ike fíìmù kí wọ́n má baà ṣì í mú fún ọbẹ̀ ṣì wà lára èyí tó wà lókè pátápátá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Ní aago márùn-ún, Oyíndà, ọmọ bàbá tí wọ́n jọ ń gbé, tibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé.

"Mi ò rí fíìmù yẹn rí," ló wí. "Shift ni mo wà ní Saturday."

"Mo gbọ́ pé Daddy fẹ́ fi han gbogbo ìjọ ní Sunday tó ń bọ̀. Inú yín á dùn o."

"Dùn kẹ̀? Kí gbogbo church máa wo màmá mi, kí òyìnbó máa nu ọ̀dà ojú ẹ̀ sí white dress wọn? God forbid!"

Olúsànmí ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó gbé ike náà lé orí tábìlì.

"Olè ará ìta á gbé tike-tike lọ ni. Ta ló máa jí nǹkan, tó máa wá dúró fi ọṣẹ fọ ike, tó máa nù ún gbẹ, tó máa tò ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀? Ọmọ tí ìyá Yorùbá tọ́ ni, ọwọ́ ẹ̀ ò lè ju ike áísìkiriìmù nù. Mercy ìbá ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí níbí. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn ńkọ́? Daddy ò ríran, Porfirio ò sọ fún ẹnikẹ́ni ju èmi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí i rí, níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

Oyíndà jókòó gbì. "Mo tètè dé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí. Daddy ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀sín yẹn!"

"Níbo ló wà?"

"Mo gé e wẹ́wẹ́ ní Sunday. Ó wà nínú gábéèjì tí wọ́n kó láàárọ̀."

Olúsànmí lu tábìlì. Ó ti mú ọ̀daràn, kò sì rí nǹkan kan gbà padà. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ìró tábìlì yẹn ló gbé bàbá dé, ó ń fọwọ́ tọ ògiri. Oyíndà ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì wólẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Èmi ni, Daddy. Mo ti sọ ọ́ nù."

Bàbá di ògiri mú.

"O rí i kó o tó sọ ọ́ nù?"

"Mo rí i, sà."

"Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn orin náà. Mo bi Porfirio léèrè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Kí ni wọ́n fi màmá ẹ rẹ́rìn-ín?"

Oyíndà gbójú sókè wo Olúsànmí. Olúsànmí, tí irọ́ ti sú láti ọ̀sán, pa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dé.

"Màmi kúnlẹ̀ kí wọn ni, Daddy," ni Oyíndà dáhùn, "bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nílé. Ó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu, inú wọ́n dùn. Aṣọ Màmi funfun báláú, kò ní àbàwọ́n kankan."

"Háà. Susan." Bàbá fọwọ́ wá orí ọmọ rẹ̀ títí tó fi kàn án. "Tún un sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Oyíndà nu ojú rẹ̀, ó sì tún un sọ.