Ìwé Tí Tíṣà Kò Kà

Ọjọ́ Ẹtì kan báyìí, Tíṣà Ṣèyífúnmi jókòó sí ọ́fíìsì àwọn tíṣà nílé-ìwé ìjọba kan n'Íléṣà, ó ń máàkì ìdánwò Òyìnbó. Èyí tí ọmọ á ka ìtàn, tí á wá dáhùn ìbéèrè lórí ohun tó kà, ló ń máàkì. Gírámà tó wà lẹ́nu obìnrin yìí, bí wọ́n bá dà á sódò Ọ̀ṣun, omi á bo afárá mọ́lẹ̀. Bí ọmọ kan bá ṣi Òyìnbó sọ ní Ẹ̀sà-Òkè, etí ẹ̀ á ta n'Íléṣà. Ọdún kẹrìnlá ẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Ibẹ̀ ni Màmá Cecilia ti wá bá a. Ìyá àgbà inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n gbé Ṣèyífúnmi lé lọ́jọ́ ìkómọ. Ó mú ìwé ojú ewé márùn-ún wá. Bólúwadúró, ọmọ àbúrò ẹ̀ tó ń bá èèyàn wáṣẹ́ lókè òkun, ló fi rán an. Iṣẹ́ tíṣà Òyìnbó ti jáde ní orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà.

"Àpìkẹ́, ó ní kó o sáìnì gbogbo ibi tóun fàlà sí."

Ṣèyífúnmi kúnlẹ̀, ó ń ṣí i, ó ń sáìnì. Kò kà á. Àgbà tó gbé ọ lọ́jọ́ ìkómọ gbé ìwé wá, o wá jókòó níwájú ẹ̀, ò ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì? Wọ́n á ní o fojú olè wo ìyá. Màmá náà ń wo bí bírò ṣe ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun mọ̀wé gan-an ni.

Adéjọbí, ọkọ Ṣèyífúnmi, ń kun mọ́tò l'Òṣogbo. Ìwé tí ọkùnrin náà kà ò kún ṣíbí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀ pọ̀. Ó ní ṣé ó ti bá tíṣà kan tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ta ló wá nọ́ńbà ilé-ìwé náà, ṣé òun fúnra ẹ̀ ni àbí Bólúwadúró.

"Ìyá Ìlérí, o ò ṣe tọrọ líìfù ọdún kan? Bí ibẹ̀ ò bá dáa, o ṣì níṣẹ́."

"Bàbá Ìlérí, ẹni tó ń lọ òkè òkun kì í gbé ìlẹ̀kùn ilé dání."

"Kọ́kọ́rọ́ ò wúwo."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkọ òun máa bá ọ̀dà ṣeré. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Òyìnbó inú ìwé náà dùn débi pé wọ́n ní ọ̀gá àgbà fẹ́ fi kọ́ ògiri.

Nígbà tó débẹ̀, ìyáàfin tó nilé-ìwé gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó fún un lómi mu. Ó ní àwọn òbí ń fẹ́ ẹni tí wọ́n bí sínú Òyìnbó, òfin ìlú náà sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kó máa jẹ́ Jenny, ọmọ Kánádà. Ọmọ Iléṣà wá di ọmọ yìnyín.

Kíláàsì mọ́kànlá ló ń kọ́ lóòjọ́. Bí àwọn ìmígíréṣọ̀n bá ń bọ̀, wọ́n á tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Nígbà àkọ́kọ́, àdúrà ló ń gbà. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó kàn ń ka ìgbálẹ̀ ni. Nígbà keje, àwọn ìmígíréṣọ̀n fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn.

Ọ́fíísà kan fi pásípọ́ọ̀tù hàn án. Físà ẹni tó wá ṣàbẹ̀wò ni, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Ó ti ìwé tó sáìnì sí i, ó ní kó ka ojú ewé kẹta sókè. Ìwé náà ní ilé-ìwé ò ní bá tíṣà gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, pé bí òfin bá mú un, òun nìkan ló lẹ́jọ́. Ṣèyífúnmi kà á geere. Ó dúró níbi kọ́má, ó sinmi níbi tó yẹ kó sinmi. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè.

Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n dá a padà, wọ́n ní kó má wọ ìlú àwọn mọ́ fọ́dún márùn-ún.

Nígbà tó délé l'Òṣogbo, Ìlérí, ọmọ ẹ̀, dì mọ́ ọn lórúnkún. Ṣèyífúnmi fọwọ́ gbá ọmọ náà lórí pẹ́pẹ́, bí ẹni ń gbá tábìlì. Gbogbo ara ẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Ó lọ sọ́fíìsì ìjọba tó ń gba tíṣà síṣẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀, Alhaja Salmah, wo fáìlì ẹ̀ títí.

"Tíṣà, ká ní líìfù lẹ gbà ni, ẹ ò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, in shaa Allah. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹlòmíì ti wà níbẹ̀."

Ó ní Ùsmán, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, ń kọ́ wọn ní Òyìnbó lókè òkun, kò sì fara pamọ́. Kó tó lọ, ó béèrè ní ẹ́ḿbásì bóyá wọ́n ń gba ọmọ Nàìjíríà sírú iṣẹ́ yẹn. Ó fúnra ẹ̀ pe ilé-ìwé náà. Físà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó wọ bàálù, pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ò sì kúrò lápò ara ẹ̀. Ṣèyífúnmi ní ẹ ṣeun, mà.

Ó wọkọ̀ lọ sÍléṣà, ó lọ bá Màmá Cecilia. Kò bínú. Màmá ló ń sunkún. Fóònù Bólúwadúró ti kú láti ìgbà yẹn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gbé ìwé yẹn wá. Mo rò pé ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Èmi? Àpìkẹ́, èmi tí mo fi àtàǹpàkò sáìnì ìwé ìgbéyàwó mi? Mo rí i tí ò ń ṣí i, mo rò pé bó o ṣe ń ṣí i yẹn lò ń kà á. Ọkàn mi balẹ̀ pé ẹni tó mọ̀wé ló sáìnì."

Ṣèyífúnmi wọkọ̀ padà sílé.

Ní báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì l'Òṣogbo. Ọdún mẹ́rìnlá ti di ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kọ́ wọn ní Òyìnbó lókè òkun, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ béèrè òfin ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Iṣẹ́ tó bá ní kẹ́ ẹ pa orúkọ àti ìlú yín rẹ́, iṣẹ́ ẹlẹ́jọ́ ni. Ẹ gba líìfù, ẹ má jáwèé fún iṣẹ́ yín. Bó bá sì jẹ́ pé àgbà ló gbé ìwé wá, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ wá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àgbà tó bá fẹ́ràn yín á dúró kẹ́ ẹ kà á tán.