Fèrèsé Keje

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ sí Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó dúró lẹ́yìn ilé àwọn Awdry, kó ka fèrèsé òkè. Méje ni. Kó wá wọlé, kó tún un kà. Mẹ́fà ni yóò bá.

Baba ńlá Awdry, oníṣòwò aṣọ irun àgùntàn, ló fi òkúta kọ́ ilé náà ní igba ọdún sẹ́yìn. Iwájú rẹ̀ lẹ́wà, ti àlejò nìyẹn. Ẹ̀yìn ni àwọn ahunṣọ ń gbà gòkè lọ sídìí òfì, níbi tí fèrèsé ti fẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Keziah Pobjoy gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Awdry ní ó jí òwú sá lọ ni. Láti ìgbà náà, "ọmọ olè" ni abúlé ń pe ìran Pobjoy.

Hester, ọmọ ìran yẹn, ló ń gbálẹ̀ ilé náà báyìí, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Kò ríṣẹ́ mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lionel Awdry tó fẹ́ ta ilé náà ní kí Clem bíríkìlà fọ́ ògiri òkè, kó fi ṣe balùwẹ̀. Yàrá kan yọ. Kò nílẹ̀kùn, àfi fèrèsé keje yẹn. Òfì kan wà níbẹ̀, àti àpótí ìjókòó. Kò sí egungun. Kò sí eruku. Aṣọ pupa wà lórí òfì, wọn ò tíì hun ún tán.

Hester fọwọ́ kan àpótí náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ọ̀gá, Keziah ò jalè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún abúlé."

"Hester, má fọ̀rọ̀ òkú ba ọjà mi jẹ́. Ọ̀la làwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀. Clem, dí i padà."

"Ọ̀gá, àpótí yẹn ṣì gbóná o," Hester wí.

"Clem, mo ní kó o dí i!"

Clem ń dí i. Ó ku bíríkì kan. Òfì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Gbà. Gbà. Gbà.

Clem wo Hester. Hester wolẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni," Lionel wí. Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹfun.

Clem fi bíríkì náà sí i. Àwọn ọkùnrin méjèèjì sọ̀kalẹ̀. Hester dúró gbálẹ̀.

Òfì dákẹ́. Ohùn obìnrin kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, létí ògiri gan-an.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

Hester lanu. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Lionel tó tún ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó tẹjú mọ́ ìgbálẹ̀.

Ohùn náà tún béèrè.