Béèsì Oníyanrìn Lẹ́yìn Ògiri

Gíláàsì ojú kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó mú un dání. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí láìsí kíkàn, ọwọ́ kan nà wọlé, gíláàsì róbótó wà láàárín ìka méjì, ó ti sán láti etí kan dé èkejì. Lẹ́yìn ọwọ́ náà ni ọmọbìnrin kan wọlé. Ẹ̀tù gíláàsì ti sọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ di eléérú, ó sì pa ẹnu dé bí àpò tí wọ́n so lókùn. Ó gbé gíláàsì náà sí ojú ọ̀tún, ó fi wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tó máa kọ́kọ́ nà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń mi ilé?"

"Èmi ni," ọkùnrin náà dáhùn. Kò dìde. "Ilé náà kò sì tíì wó."

Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tí òun fi ń gé gíláàsì ojú wà, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá òun. Ẹ̀rọ náà kò fẹ́ kí nǹkan kan mì. Tí ògiri bá ti gbọ̀n, bó ti wù kó kéré mọ, ó di dandan kí gíláàsì sán, èyí tó sì wà lọ́wọ́ òun yìí ni ìkẹta lọ́sẹ̀ kan. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ògiri náà kì í ṣe ti ẹnì kan, àti pé iṣẹ́ ni òun náà ń ṣe.

"Iṣẹ́ wo?" ọmọbìnrin náà wo yàrá náà yíká. Kọ̀ǹpútà kan, àga kan, sípíkà méjì tó ga dé àyà èèyàn. "Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan tó fọ́ gíláàsì mi."

Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan. Béèsì, ohùn tó wúwo jù lọ nínú orin, jáde wá láti ìsàlẹ̀, ó nípọn, ó ń ya bí aṣọ tó ti gbó. Ọmọbìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì, ó fetí sílẹ̀ títí ohùn náà fi parí.

"Ó dà bíi pé ilẹ̀ ń họra," ó ní.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yìí ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó tíì júwe rẹ̀ fún un báyìí rí. Ó dìde. Ó gbé àga kan ṣoṣo tó ní fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti sọ, ó ṣòro láti gbà gbọ́ ni. Ó ń ṣẹ̀dá ohùn tí kò sí láyé tẹ́lẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tí kì í ṣe irin, tí kì í ṣe igi, àwòrán lásán tó kún fún bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ló ti ń mú ìgbì ohùn tó rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn, tó ń ká a, tó ń lọ́ ọ, tó ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, títí tó fi máa di béèsì tó ní yanrìn nínú. Àwọn olórin àti àwọn tó ń ṣe eré orí fóònù ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kọ́ ọ níléèwé. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti kúrò, lọ́jọ́ tí tíṣà kan sọ lójú gbogbo kíláàsì pé orí rẹ̀ kò lè gba nǹkan kan dúró. Orí náà gba ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn dúró fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọ̀sán tí ọmọbìnrin náà bá fẹ́ sinmi, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ló máa ń sinmi sí. Ó sọ ọ́ ní Amìlẹ̀tìtì. Ọkùnrin náà ń pè é ní Ẹyinjú, ó ní kì í ṣe nítorí ìfẹ́ o, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà ní òun kò béèrè ìdí. "Ẹ" tí wọ́n ń pe ara wọn di "o" láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin náà kì í tan sípíkà ní àkókò tí ó bá mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ń gé gíláàsì. Kò sọ fún un. Ọmọbìnrin náà mọ̀, òun náà kò sọ.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe ohùn kan fún un, béèsì tó jin jù lọ nínú gbogbo èyí tó ti ṣe, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìdáhùn dé kó tó mu omi tó bù: "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án bínú, ìbínú tó gbádùn mọ́ ọn débi pé ó ń jí ní kùtùkùtù láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó gbé fóònù lé tábìlì, ó tẹ ohùn náà. Fóònù náà ṣe kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èékánná bá kan ṣíbí, ó sì dákẹ́. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ló parí síbẹ̀.

Ọkùnrin náà wo fóònù náà lọ bí òkú. Ìgbà yẹn ló yé e. Látọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn sípíkà ńlá yẹn nìkan ló ń fetí sí. Ẹnu fóònù kéré ju kó lè sọ ohun tó kó sínú rẹ̀ lọ. Ògiri ló ń ṣe ohùn fún, kì í ṣe èèyàn. Ó fẹ́ sọ pé kó má bínú, ohun mìíràn ló sọ.

"Fóònù rẹ ló kéré," ó ní.

"Ìgbéraga rẹ ló tóbi."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ di ojú, lẹ́yìn náà ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìgbàṣẹ. Kí ọmọbìnrin náà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ti gbà pé àwọn máa fẹ́ ara wọn. Ohun tó kù ni bàbá.

Gbogbo àdúgbò ló ń pe bàbá náà ní Onígíláàsì. Ọkùnrin tó tinrín ni, tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, tó sì gbà pé ohun tí èèyàn kò bá lè fi ojú wọ̀n kì í ṣe iṣẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà wá tọrọ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́ kó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán níwájú oníbàárà mẹ́ta. Ó bi í léèrè ibi tó kàwé dé, ọkùnrin náà sì sọ òótọ́.

"Kíláàsì kẹrin," Onígíláàsì tún un sọ fún àwọn oníbàárà, bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà gíláàsì fún wọn. "Fi ariwo yẹn sílẹ̀. Wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kí o di èèyàn, ọmọ mi á di tìrẹ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, má bá mi dárúkọ rẹ̀ mọ́."

"Bàbá, mo gbọ́ yín," ọkùnrin náà ní. "Mi ò ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Mi ò sì ní fi ọmọ yín sílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ó jáde. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́, àfi tí ẹni tó sọ "kí o di èèyàn" bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ọmọbìnrin náà sọ tirẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, láìgbójú sókè: òun á máa gé gíláàsì bí òun ṣe ń gé e, òun kò ní pẹ́ dé, òun kò sì ní ba ọ̀kan jẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ òun, òun ló máa yàn án. Onígíláàsì ní ó dáa, kí ó yàn án, kí ó sì rántí gbogbo gíláàsì tí àyànfẹ́ rẹ̀ ti fọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun ọmọbìnrin náà, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ògiri bá mì, bàbá á tún rí ohun tó máa gbá mú.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé sípíkà méjèèjì lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ra ọ̀kan tí kò ju ìkúùkù lọ, ó sì jókòó tì í. Ó fi asẹ́ yọ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú béèsì náà, apá tó jẹ́ pé ògiri nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ohun tó kù tinrín, ó ṣeni láàánú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó fún un títí tó fi ya. Ó gé ìgbì rẹ̀ sí àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, kó má bàa dán mọ́. Ó ń fi yanrìn lé yanrìn. Èyí tó bá ṣe, á fi ránṣẹ́ sẹ́yìn ògiri, Ẹyinjú á sì fèsì láàárín gíláàsì kan sí èkejì. Ó ní ọ̀kan dà bí eṣinṣin nínú agolo. Ó ní òmíràn dà bí ìgbà tí bàbá òun bá ń sùn. Ó ní ó ti ń bọ̀, kó má fi sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èsì kò dé. Ilẹ̀kùn ló ṣí. Ọmọbìnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Ó jin bíi kànga. Ẹ̀rọ mi ò sì mira."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ìsàlẹ̀ ohùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n yanrìn tó wà lókè rẹ̀ ń sọ fún etí pé ìsàlẹ̀ kan wà, etí fúnra rẹ̀ á sì fi kún un. Ọkùnrin tó kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹrin ló fọwọ́ ara rẹ̀ wá a rí. Ó fa ọmọbìnrin náà mọ́ra, ẹ̀tù gíláàsì sì kún àyà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ògiri kò mì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, Onígíláàsì fúnra rẹ̀ wọlé wá, aṣọ iṣẹ́ tuntun kan wà ní kíká lápá rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ọkùnrin náà kò tíì rí rí.

"Ọmọ mi, mo ti rí i pé o fi ariwo sílẹ̀," ó ní. "Ó yẹ kí àgbà mọ rírì ẹni tó bá gbọ́ràn. Èyí á bá ọ mu."

Béèsì kan ń dún lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wo igun yàrá níbi tí àwọn sípíkà ńlá ti máa ń wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ọkùnrin náà fi ìka kan tọ́ka sí sípíkà kékeré. Bàbá gbé etí sún mọ́ ọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó tún gbé etí padà.

"Ìgbà wo ló ti ń dún?"

"Lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ rò pé mo ti dákẹ́, sà."

Àgbàlagbà náà yọ àtẹ́lẹwọ́ kúrò lára ògiri. Ó tún aṣọ iṣẹ́ náà ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú. Ó ní ariwo ṣì ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà lọ mú ọjọ́ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní òun kò ní àyè lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin náà ní kò burú, ọjọ́ náà ní àyè tirẹ̀.

Nígbà tó pé, àwọn méjèèjì jókòó níwájú akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn tọkọtaya mìíràn sì tò sẹ́yìn. Akọ̀wé béèrè iṣẹ́ ìyàwó, ó kọ ọ́. Ó béèrè iṣẹ́ ọkọ.

"Mo ń ṣẹ̀dá ohùn."

Akọ̀wé béèrè bóyá olórin ni. Ó ní òun kò kọrin rí. Akọ̀wé ní kò sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, ó ka èyí tó wà níbẹ̀ fún un, ó ní kó mú ọ̀kan, oníṣòwò ló rọrùn jù, kí ìlà lè sún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi orúnkún gbá a lábẹ́ tábìlì pé kó gbà. Ọkùnrin náà ká apá mọ́ àyà. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti gbé bírò sílẹ̀.

"Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ọ̀gá," ó ní. "Mi ò fẹ́ oníṣòwò. Ẹni tí mo fẹ́ nìyí."

Akọ̀wé ní òun lè pe ẹni tó kàn. Ìyàwó ní kí ó pè é, àwọn á jókòó síbí títí wọ́n á fi ti ọ́fíìsì. Àwọn èèyàn tó wà nínú ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìgbà náà ni ẹnì kan wúkọ́ lórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn. Onígíláàsì ni. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó wọlé.

"Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ kọ ohun tó sọ," ó ní, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú. "Iṣẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó tì í láìmọ̀."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ọkọ fọwọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró gbọn-in gbọn-in. Ìyàwó fọwọ́ sí tirẹ̀ ní kíá.

Nígbà tí wọ́n ń jáde, ọkọ tuntun kò dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú títí bàbá fi kọjá, bàbá náà sì mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ bi í létí bóyá ó ti dárí jì í. Ó ní rárá o. Ó ní ogún ọdún lòun ti ṣètò láti fi bínú sí i, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tòní, òun yọ mẹ́wàá kúrò.

"Mẹ́wàá tó kù ńkọ́, Amìlẹ̀tìtì?"

"Ìwọ lo máa bá mi kà á," ó ní, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.